Iṣu funfun àti iṣu pupa: ṣé ẹ̀yà kan náà ni àbí méjì? Ẹ bá mi dá sí i

ỌmọÀgbẹ̀Ṣakí

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará ibí. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ ewéko dáadáa pọ̀ níbí. Pírọ́jẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mi ni mo ń ṣe lórí iṣu, súpáfáísọ̀ mi ní kí n kó gbogbo iṣu tí wọ́n ń gbìn lágbègbè wa jọ, kí n pín wọn ní ẹ̀yà ẹ̀yà, kí n sì sọ ohun tí mo wò tí mo fi pín wọn. Ewùrà ò fún mi ní wàhálà, èsúrú náà ò fún mi ní wàhálà, ẹni tó bá ti rí ewé èsúrú lẹ́ẹ̀kan ò tún lè ṣì í mú mọ́. Ibi tó ti wá dojú rú ni iṣu funfun àti iṣu pupa, èyí tí àwọn kan ń pè ní ìgángán tí àwọn míì ń pè ní àlọ́.

Ìwé kan ní ẹ̀yà méjì ni wọ́n, Dioscorea rotundata ni funfun, Dioscorea cayenensis ni pupa. Ìwé kejì ní ẹ̀yà kan ṣoṣo ni, pé rotundata kàn jẹ́ ẹ̀ka kan lábẹ́ cayenensis. Ìkẹta wá kọ ọ́ ní "cayenensis-rotundata", ó so méjèèjì pọ̀ bí orúkọ ìyàwó tuntun tí ò fẹ́ fi orúkọ bàbá ẹ̀ sílẹ̀. Mo lọ sóko lọ wò ó fúnra mi, ewé jọra, okùn jọra, mo gé iṣu, mo rí funfun tó pọ́n díẹ̀ nínú, mo rí pupa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Bàbá tí mo gba iṣu lọ́wọ́ wọn ní "ìwọ ṣáà gé e, tó bá pupa ó pupa náà nìyẹn". Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń wò gan-an kí wọ́n tó sọ pé ẹ̀yà méjì ni nǹkan? Ara ẹ̀ ni àbí DNA ẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìjogún tó wà nínú ẹ̀? Tí méjèèjì bá wá ta kora ńkọ́?

BọtaníÌbàdàn

Ọmọ Ṣakí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ló dojú rú fún, ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ mú un. Lamarck, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ fún iṣu pupa lórúkọ sáyẹ́ǹsì nígbà tí sẹ́ńtúrì 18 ń parí lọ, Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni iṣu tó wò ti wá, ló bá sọ ọ́ ní cayenensis. Bẹ́ẹ̀ iṣu ilẹ̀ Áfíríkà ni, ayé òwò ẹrú ló gbé e débẹ̀. Ní 1813 Poiret, ọmọ Faransé míì, wá sọ iṣu funfun ní rotundata. Ó ṣe títí di 1968, Miège tó ṣiṣẹ́ gan-an lórí iṣu Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọ̀kan náà ni wọ́n, ó wá kó rotundata sábẹ́ cayenensis, torí òfin orúkọ ewéko ni pé èyí tó bá kọ́kọ́ jáde ló borí. Kew, ọgbà ìwádìí ewéko ńlá tó wà ní London, ṣì ń tò ó báyẹn di ìsinsìnyí. Àwọn tó ń tọ́ iṣu ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí n'Ìbàdàn, ẹ̀yà méjì ni wọ́n ń kọ ní tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ìwé yín fi ń ta kora, kì í ṣe pé ẹnì kan ń parọ́.

Ó wá kan ohun tí wọ́n ń wò. Kí DNA tó dé, ara ewéko nìkan ló wà, àwọn tó sì ṣe é nígbà náà ṣe é dáadáa: Knuth ní Jámánì lọ́dún 1924, Prain àti Burkill ní 1936 àti 1938. Ẹ lọ sídìí ebè, ẹ di okùn iṣu funfun mú, ẹ wo apá ibi tó gbà lọ́ mọ́ igi, kí ẹ wá lọ wo ti èsúrú. Òdìkejì ni èsúrú ń lọ́. Emìnà tó ń so sórí okùn náà, bíi ti èsúrú ló ń lọ́. Iṣu funfun, iṣu pupa àti ewùrà, apá kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú kọ, kò sí bí ẹ ṣe ki igi bọ̀ ọ́ tó máa yí padà, ẹ tú u kúrò kí ẹ fọwọ́ lọ́ ọ sódì, ẹ̀mú tuntun tó bá yọ á padà sí ọ̀nà tiẹ̀. Okùn ewùrà sì ní igun mẹ́rin, ó ní awọ tó yọ gẹ̀rẹ̀ lára igun kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ kàn án ẹ máa mọ̀. Ewé èsúrú pín sí mẹ́ta. Tí ẹ bá wá rí èso gbígbẹ he, ẹ là á wò, ìhà mẹ́ta ló ní, irúgbìn inú ẹ̀ fẹ́lẹ́. Ti iṣu funfun, awọ fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn fi ń gbé e lọ yí i ká pátápátá. Ti emìnà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lawọ yẹn wà. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí kì í yẹ̀ láti oko kan sí èkejì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣeé gbára lé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé gbogbo ẹ̀ wá sáàárín funfun àti pupa, wọ́n bá ara wọn mu! Ohun tó ṣẹ́kù ni àwọ̀ inú, àti bó ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ tó. Pupa lè lo bí ọdún kan nílẹ̀, kì í sì í sùn púpọ̀ tí wọ́n bá wà á tán, funfun máa ń tètè gbó ju bẹ́ẹ̀ lọ, á sì sùn pẹ́ nínú àká kó tó ta. Pupa fẹ́ràn igbó ńlá tí òjò ti ń pẹ́, funfun gba ilẹ̀ ọ̀dàn. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tó lágbára, ẹ̀yin fúnra yín ti gé e ẹ ti rí i.

Ibi tí DNA ti wá wúlò nìyẹn. Ní 1992 Terauchi àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é, àwọn ará IITA wà níbẹ̀, yẹ DNA iṣu wọ̀nyí wò láti ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni DNA inú chloroplast, ìyẹn ibi tó ń jẹ́ kí ewé dúdú minimini tó sì ń bá a fi oòrùn ṣe oúnjẹ. Ìyá nìkan lọmọ ti ń jogún ìyẹn. Ọ̀nà kejì ni DNA inú nucleus, ìyẹn àárín sẹ́ẹ̀lì, tìyátibàbá ló ń fún ọmọ nìyẹn. Chloroplast iṣu pupa bá ti iṣu funfun àtàwọn ẹbí ẹ̀ nínú igbó mu. Ṣùgbọ́n nínú nucleus, nǹkan míì tún wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti funfun rárá, iṣu igbó kan ló ni ín, Dioscorea burkilliana tàbí àwọn tó sún mọ́ ọn, minutiflora àti smilacifolia. Ẹ ti rí i báyìí, ìyá iṣu pupa wá láti agbo ilé iṣu funfun, iṣu igbó ni bàbá ẹ̀. Burkill tí mo dárúkọ lókè yẹn ni wọ́n fi sọ burkilliana lórúkọ o. Kúrómósómù, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí DNA wà lára ẹ̀, náà gbè é lẹ́sẹ̀: iṣu funfun púpọ̀ jù ní 40, ìyẹn ìdìpọ̀ méjì, pupa ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Nǹkan tó ní ìdìpọ̀ mẹ́ta kì í sábà bímọ, torí mẹ́ta ò ṣeé pín sí méjì dọ́gba.

ÌyáOníyánỌ̀ṣogbo

Èmi ò ka bọtaní o, iyán ni mo ń gún. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹni tó bá gbé odó sílẹ̀ lárọ̀ọ́ ti mọ̀ pé iṣu wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, kò dìgbà tí a bá gbé e lọ láàbù. Funfun ń fà, pupa ò fà bẹ́ẹ̀, ewùrà kí ẹ gbé e fún àwọn Ìjẹ̀bú kí wọ́n fi ro ìkọ́kọrẹ́, èsúrú sì ṣàṣejù ó tẹ́ lọ́wọ́ oníyán, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ mo fẹ́ bi Bọtaní. Tí a bá dé ọjà, a máa ń bèèrè àbùjẹ, a máa ń bèèrè gambari, a máa ń bèèrè láṣìrì, owó wọn ò dọ́gba, ẹnu ò gbà wọ́n bákan náà. Ṣé ẹ̀yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn yẹn náà? Torí tí wọ́n bá ní kí n pín iṣu, báyẹn ni màá ṣe pín in.

BọtaníÌbàdàn

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Rárá, abẹ́ iṣu funfun ni gbogbo ìwọ̀nyẹn wà. Èbù la fi ń gbin iṣu, kì í ṣe irúgbìn, tí a bá ti rí iṣu tó dùn kan, a gé e léèbù, a gbìn ín, àwọn ọmọ wa gé e, wọ́n gbìn ín, iṣu kan náà ni kò yí padà. Àbùjẹ tí ẹ rà lánàá àti àbùjẹ tí màmá yín rà, ó ṣeé ṣe kí DNA wọn má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ rò pé wọ́n jìnnà síra nìyẹn, orúkọ wọn dúró digbí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àbùjẹ àti gambari ò tó kí wọ́n má lè bá ara wọn bímọ tí akọ àti abo bá yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan náà. Torí iṣu ní akọ ní abo o, igi kan kì í sábà ṣe méjèèjì. Òdòdó ẹ̀ kéré ni kì í jẹ́ kí èèyàn kọbi ara sí i.

ỌmọKétu

Mo kí yín láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí Bọtaní sọ dáa, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ló ń da ọwọ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì rú níbí. Lọ́dọ̀ wa, àgbẹ̀ lè wọ igbó lọ wú iṣu igbó tó rí tó wù ú, kó gbé e wá sóko, kó máa gbìn ín lọ́dọọdún, kó máa gé e kó máa tọ́jú ẹ̀ títí tí ara ẹ̀ fi máa rọ̀ tí ẹ̀gún ìdí ẹ̀ á dín kù, wọ́n á wá sọ ọ́ lórúkọ pẹ̀lú àwọn tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn olùwádìí Bẹ̀nẹ̀ àti Faransé tẹ̀ lé irú iṣu bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2006, DNA wá fi hàn pé lára ohun táwọn àgbẹ̀ ń wú yẹn, òmíràn jẹ́ iṣu igbó gidi, òmíràn sì jẹ́ ọmọ tí iṣu igbó bí fún iṣu oko. Àgbẹ̀ tó wú u ò mọ̀yàtọ̀, kò sì kàn án.

Torí náà ẹ bi súpáfáísọ̀ yín kí lẹ máa pe iṣu tó jẹ́ pé ọdún márùn-ún sẹ́yìn inú igbó ló wà, tó wá ń jẹ́ orúkọ iṣu oko báyìí. Ìwé tí wọ́n fi ń dá iṣu mọ̀, oko nìkan tàbí igbó nìkan ni wọ́n rò ó fún.

DNAlógajù

Gbogbo àlàyé ewé àti okùn yìí, ayé àtijọ́ nìyẹn. DNA ló ga jù. Ọmọ Ṣakí, mú ewé ẹ, gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ka DNA, ohun tó bá sọ ni kí o kọ, kó o lọ gba máàkì ẹ. Ara lè tan èèyàn jẹ, DNA kì í parọ́.

BọtaníÌbàdàn

DNA kì í parọ́ lóòótọ́, àwọn tó ń kà á ló lè má gbọ́ ohun kan náà. Ẹ wo iṣu funfun fúnra ẹ̀. Ní 2019 Scarcelli àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ka gbogbo DNA iṣu 167, ti oko àti ti igbó, wọ́n ní Dioscorea praehensilis, iṣu igbó kìjikìji, la ti mú iṣu funfun jáde, pé agbègbè odò Ọya, láti ìlà-oòrùn Gánà dé ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ló ti ṣẹlẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ gan-an, ìdí ilé wa níbí. Ọdún kan lẹ́yìn náà, 2020, Sugihara àtàwọn ẹgbẹ́ tiẹ̀ láti Japan pẹ̀lú IITA ka ti iṣu funfun 336, wọ́n mú dátà iṣu igbó tí àwọn àkọ́kọ́ tú sílẹ̀ mọ́ ọn, ni wọ́n bá ní rárá o, iṣu funfun jẹ́ ọmọ àdàlù, praehensilis inú igbó ni òbí kan, Dioscorea abyssinica ti ilẹ̀ ọ̀dàn ni èkejì.

Iṣu igbó kan náà, dátà kan náà ní apá yẹn, ìdáhùn méjì. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà kì í kàn sọ ìtàn, ẹ máa kọ́kọ́ gbé irú ìtàn tó lè jẹ́ fún un, á wá sọ èyí tó bá dátà mu jù. Tí ẹ kò bá fi àdàlù sínú ohun tí ẹ ní kó gbé yẹ̀ wò dáadáa, kò ní bá yín mú un jáde. Èmi gba ti 2020 gbọ́ jù, torí ó tún ṣàlàyé ìdí tí funfun fi ń gbé ilẹ̀ ọ̀dàn tó sì ṣì ń fẹ́ òjò, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹni tó di ti 2019 mú jà.

Kí a tún wo èyí: fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n ń kọ ọ́ pé iṣu funfun ní ìdìpọ̀ kúrómósómù mẹ́rin, mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n wá tẹ̀ lé bí àmì inú DNA ṣe ń lọ látọ̀dọ̀ òbí sọ́dọ̀ ọmọ, ní 2005, ló tó hàn pé ìdìpọ̀ méjì ni, ogún ogún. Kíkà ò yí padà, 40 náà ni. Ìtumọ̀ ló yí.

AráPeckham

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n fi ti London níbí kún un torí ọ̀rọ̀ yìí bá mi lára mu. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbí tí mo bá ń rìn létí igbó, mo máa ń rí okùn kan tó ń lọ́ mọ́ ọgbà, ewé ẹ̀ dán, ó rí bí ewé iṣu pátápátá, mo máa ń sọ fáwọn ọmọ mi pé ẹ wo iṣu àwọn òyìnbó. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá di ìgbà tí ewé ń wọ́, á so èso róbótó pupa tó ń dán, wọ́n kìlọ̀ fún wa pé èèyàn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, májèlé ni.

Tamus ni àwọn onímọ̀ ń pè é tẹ́lẹ̀, wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iṣu torí èso ẹ̀. Èso iṣu tí Bọtaní ṣàlàyé yẹn, gbígbẹ ni, onígun mẹ́ta, tamus wá ń so èso olómi. Ìyàtọ̀ tó lójú nìyẹn kẹ̀, èmi náà ì bá yà á sọ́tọ̀. Àfi ìgbà tí Caddick àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Kew kó ẹ̀rí DNA àti ẹ̀rí ara pọ̀ sójú kan, wọ́n gbé e jáde ní 2002, tí ó wá hàn pé àárín iṣu gan-gan ni tamus wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àwọn iṣu kan wà tó jìnnà sí iṣu míì ju bí tamus ṣe jìnnà sí wọn lọ. Ni wọ́n bá kó o wọlé, Dioscorea communis ló ń jẹ́ báyìí. Wọ́n kó Rajania ti àwọn erékùṣù Karíbíà wọlé pẹ̀lú, èso tiẹ̀ náà ló fi wà lóde tẹ́lẹ̀.

Èso ló tan wọ́n jẹ. Okùn ò tan ẹnikẹ́ni, ewé ò tan ẹnikẹ́ni. Tí ẹyẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irúgbìn kiri dípò atẹ́gùn, èso á yí padà kíákíá, ìyókù ara á dúró bó ṣe wà. Ìyẹn lèmi fi ń rò pé àwọn tó ń sọ pé ká ju ẹ̀rí ara nù, wọn ò gbọ́ ìtàn yẹn délẹ̀, torí ẹ̀rí ara wà lára ohun tó mú tamus wọlé.

ỌmọÀgbẹ̀Ṣakí

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Bọtaní, AráPeckham, ỌmọKétu, Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ìyá wa, mo máa fi fífà iyán sínú pírọ́jẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, súpáfáísọ̀ mi máa rẹ́rìn-ín.

Mo gbọ́ pé pupa jẹ́ ọmọ funfun àti iṣu igbó. Ìyẹn wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ le sí i. Ṣé ọmọ àdàlù lè jẹ́ ẹ̀yà tiẹ̀? Tó bá sì jẹ́ pé funfun náà jẹ́ àdàlù, kí ló wá kù tí kì í ṣe àdàlù? Láàbù wa ò ní owó láti ka DNA gbogbo ẹ̀, ṣé ohun kan wà tí mo lè ṣe tó máa ya méjèèjì láìsí owó ńlá?

BọtaníÌbàdàn

Àdàlù ò ní kí nǹkan má jẹ́ ẹ̀yà. Ohun tí ẹ máa bi ara yín ni bóyá ó ti ń dá gbé, tó ń tọ ọ̀nà tiẹ̀. Funfun ti ń dá gbé, akọ àti abo wà, wọ́n ń bára wọn bímọ, ó ti jọ ara ẹ̀. Pupa ò rí bẹ́ẹ̀, èèyàn ló ń gé e léèbù tó fi wà títí dòní, tí a bá fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ara ẹ̀ mi ò rò pé yóò pẹ́. Ìyẹn ló mú kí àwọn kan sọ pé kò yẹ ká pè é ní ẹ̀yà bíi ti àwọn yòókù. Ní tèmi o, méjì ni kí ẹ kọ wọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Miège àti Kew kó wọn pọ̀, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ ò fi tẹ̀ lé wọn: bàbá wọn ò papọ̀, ìdìpọ̀ kúrómósómù wọn ò dọ́gba. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa bá yín jà lórí ìyẹn tí ẹ bá ti fi ẹ̀rí sí i.

Ti owó, ẹ má ka gbogbo DNA. Ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn bí DNA inú nucleus ṣe pọ̀ tó, ewé tútù díẹ̀ ló fẹ́, ó ń tètè sọ bóyá ìdìpọ̀ méjì ni àbí mẹ́ta. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ yín kó bá yín kọ lẹ́tà síbi tí wọ́n bá ti ní in. Kí ẹ tó dé bẹ̀, ẹ fi téèpù àti péńsù ṣe tiyín: ẹ so nọ́ḿbà mọ́ ebè kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tó hù, ọjọ́ tí ewé ẹ̀ gbẹ, àwọ̀ inú nígbà tí ẹ gé e, akọ àbí abo tó bá yọ òdòdó. Òdòdó yẹn ni kí ẹ má fi ṣeré. Púpọ̀ lára pupa tí wọ́n ti yẹ̀ wò tó yọ òdòdó, akọ ni. Tí ẹ bá rí pupa tó so èso tó kún, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ gbé ewé ẹ̀ pamọ́ síbi gbígbẹ, torí ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ pupa tí a ń sọ, kó jẹ́ funfun tí inú ẹ̀ kàn pọ́n.

ÌyáOníyánỌ̀ṣogbo

Ẹ̀yin tí ẹ ní oko ìgángán, ẹni tó bá ti rí i tó so èso rí kó sọ̀rọ̀ síbí. Ọkọ mi gbìn ín títí ó fi darúgbó, mo bi í níṣẹ̀ẹ́jú yìí, ó ní òun rí òdòdó, òun ò rí èso rí.

ỌmọKétu

Níbí náà, òdòdó nìkan. Mo máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Sávẹ̀ lọ́jà ọ̀la kí n tó dá yín lóhùn.